Ṣé sólà lè gbé A/C ilé orí táyà láti alẹ́ di àárọ̀?

Bàbá Ìbejì (Houston):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín kí n tó kówó lé nǹkan.

Mo ní ilé orí táyà kan, travel trailer tí a máa ń fi pickup fà. Ẹsẹ̀ bàtà 25 ni gígùn rẹ̀. A/C orí òrùlé rẹ̀ jẹ́ 13,500 BTU, iná 30 amp sì ni wọ́n ṣe ilé náà fún. Níbi tí a bá ti rí iná fà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ibi tí kò síná rárá ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ fẹ́ràn. Big Bend ló ń wù wá báyìí, létí bodè Mẹ́síkò, ẹ sì mọ bí oòrùn Texas ṣe rí. A ní jẹnẹrétọ̀, àmọ́ ọgbà ìjọba kì í gbà kéèyàn tàn án lóru, òru yẹn gan-an ni ooru kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn.

Ẹnì kan fẹ́ ta páńẹ́lì 400 wáàtì mẹ́ta fún mi, pẹ̀lú bátìrì lithium méjì (12 volt, 100Ah) àti ínfátà 3,000 wáàtì. Ó ní A/C á ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ṣé òótọ́ ni?

Oníná Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi owó yín sápò ná.

Iṣẹ́ ínfátà àti sólà ni mò ń ṣe, ìṣirò rẹ̀ ò sì yàtọ̀, ìbáà jẹ́ ilé orí ilẹ̀ tàbí ilé orí táyà. Ẹ jẹ́ ká fi yúnìtì ṣe é, irú èyí tí à ń rà sínú mítà níbí (1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúnìtì kan). Bátìrì kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, yúnìtì 1.28 ló gbà. Méjèèjì ò pé 2.6, ínfátà á sì jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ sọ́nà. A/C 13,500 BTU ń fa nǹkan bí 1,300 sí 1,600 wáàtì nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ká tiẹ̀ ní ó ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru, ẹ fi 900 wáàtì kà á ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá tàn án ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí aago kan òru tó lù, ó ti dákẹ́.

Wákàtí mẹ́jọ máa gba yúnìtì méje sí mẹ́jọ. Bátìrì tó tó ìyẹn ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe páńẹ́lì ni kí ẹ kọ́kọ́ máa kà. Páńẹ́lì 1,200 wáàtì tó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí òrùlé, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, á kó bí yúnìtì mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́fà wálé. Ẹ má retí pé ẹ máa rí 1,200 lójú mítà. Bí páńẹ́lì bá ṣe ń gbóná tó ni agbára rẹ̀ ń dínkù tó, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tó gbóná jù kì í fi í ṣe èyí tó ń mú iná wá jù.

Ẹni tó ní á ṣiṣẹ́ mọ́jú yẹn, ọjà rẹ̀ ló ń tà.

Bàbá Ìbejì:
Háà! Yúnìtì méjì àbọ̀ péré? Owó tó pè kì í mà ṣe kékeré o.

Awakọ̀ Dallas:
Oníná ti sọ ọ́. Èmi ní tèmi, 12 volt yẹn ni mi ò fẹ́ rárá. Kí ínfátà tó lè gbé 1,400 wáàtì lórí 12 volt, ó máa fa bí 130 amp láti inú bátìrì. Wáyà rẹ̀ á nípọn bí àtàǹpàkò, orí rẹ̀ tí ò bá sì fún dáadáa, ó ń gbóná nìyẹn. Lórí 48 volt, kò ní ju bí 33 amp lọ. Ẹ ra bátìrì 51.2 volt, 100Ah (òun náà ni à ń pè ní 48 volt). Ọ̀kan gba yúnìtì márùn-ún ó lé díẹ̀, méjì ló máa kájú òru yín.

Fíúsì Class T ni kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ẹ má ra èyí tó rọ̀ ṣọ̀bọ̀. Bí wáyà lithium bá fi kanra wọn, iná tó ń tú jáde níbẹ̀ pọ̀ débi pé fíúsì yẹpẹrẹ á jó, iná á sì tún máa kọjá lójú ibi tó ti jó.

Ẹ tún so soft start, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí A/C rọra gbéra, mọ́ A/C yín. Ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra ló máa ń já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìlọ́po ohun tó ń lò tó bá ti ń lọ. Ibẹ̀ ni ínfátà ti máa ń ké. Soft start á dín ìjágbà yẹn kù ju ìdajì lọ, kódà jẹnẹrétọ̀ 2,200 kékeré tí èèyàn ń fọwọ́ kan gbé á lè jí A/C náà.

Ọmọ Jos:
Ẹ gbé ilé náà wá sí Jos. Ẹ ò ní nílò A/C mọ́ láéláé.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ bá mi bẹ òkun kó fún pickup mi lọ́nà.

Àǹtí Phoenix:
Ọmọ Jos ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀. Rio Grande Village tó wà ní Big Bend máa ń kọjá 38°C nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Oṣù kọkànlá sí ìkejì ló dáa láti lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù keje ni àwọn ọmọ ń gba ọlidé, Cloudcroft ní New Mexico ni kí ẹ wa ọkọ̀ lọ. Ó ga ju 8,600 ẹsẹ̀ bàtà lọ, aṣọ òtútù lẹ máa wá lálẹ́.

Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń ka bátìrì láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ara ilé náà. Ògiri trailer tín-ín-rín ni. Ọ̀pọ̀ ooru ń gba ojú fèrèsé àti ihò òrùlé wọlé. Ẹ gé bébà fàdákà tó ní fóòmù nínú, kó bá fèrèsé kọ̀ọ̀kan mu gẹ́ẹ́. Ẹ ra tìmùtìmù tí wọ́n ń fi dí ihò òrùlé. Tí ẹ bá fẹ́ páàkì, kí ìbòòrùn ẹ̀gbẹ́ ilé kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn ọ̀sán má baà lu ògiri. Ẹ má dáná nínú ilé lọ́sàn-án. Owó kékeré ni gbogbo èyí máa ná yín, òun ló sì máa jẹ́ kí A/C ráyè sinmi.

Ohun kan tó máa ń bí mi nínú nínú sólà ọkọ̀: ara èèyàn ń fẹ́ ìbòòji, páńẹ́lì ń fẹ́ oòrùn. Ẹ fi díẹ̀ sórí òrùlé, kí ẹ ní méjì tí ẹ lè tò sílẹ̀ lókèèrè pẹ̀lú wáyà gígùn.

Oníná Ìbàdàn:
Àǹtí, ẹ ṣeun. Mo tún fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ronú sí A/C fúnra rẹ̀. Níbí, ẹni tó bá fẹ́ fi sólà gbé A/C, inverter A/C là ń ní kó rà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í kú kó tún jí, ṣe ló máa ń rọra rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Oní 9,000 BTU tó dáa, tí inú ilé bá ti tutù, ó lè máa lo 300 sí 500 wáàtì. Ìdajì bátìrì yín lẹ fi pamọ́ yẹn.

Awakọ̀ Dallas:
Àbúrò, ilé tí ẹ̀ ń ṣe iná sí kì í sáré 65 máìlì lójú títì. Páìpù bàbà mini-split (A/C alápá méjì, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta) kò fẹ́ràn gbígbọ̀n, ojúkò rẹ̀ ni gáàsì ti ń jò. Apá tó wà níta sì máa ń wà níwájú lórí igi ìfà (irin tí pickup fi ń fa ilé náà), tó ń dá kún ẹrù tó tẹ ẹ̀yìn pickup.

Àǹtí Phoenix:
Tiwa wà níwájú bẹ́ẹ̀, ọkọ mi fi rọ́bà tẹ́ ẹ, ó sì ká páìpù rẹ̀ yípo kó lè máa fì. Kò tíì jò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, A/C orí òrùlé tó jẹ́ oní-inverter ti wà, tó bá ihò 14 íǹṣì sí 14 íǹṣì tó ti wà tẹ́lẹ̀ mu.

Bàbá Ìbejì:
Orí mi ti ń yí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Oníná Ìbàdàn:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gbé ilé náà sí àgbàlá yín, ẹ fi mítà 30 amp sí àárín ilé àti iná, kí gbogbo yín sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an. Ohun tí mítà bá kà láàárọ̀ ni ká bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìbejì (ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e):
A ti sùn síbẹ̀, àwọn ará àdúgbò rò pé ìyàwó lé mi jáde ni. Yúnìtì 7.1 ni, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Lọ́jọ́ kejì a dí gbogbo fèrèsé àti ihò òrùlé bí Àǹtí ṣe wí, ó bọ́ sí 5.8. A/C tó wà lórí ilé kò tíì darúgbó, mi ò ní yọ ọ́. Soft start, bátìrì 51.2 volt méjì, páńẹ́lì mẹ́rin. Tí páńẹ́lì ò bá kún un tán, jẹnẹrétọ̀ á parí rẹ̀ lọ́sàn-án tí wọ́n gbà á láyè.

Oníná Ìbàdàn:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iná inú ilé, fáànù àti ibi tí ẹ ti ń tẹ A/C ṣì jẹ́ 12 volt o, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ 48 di 12. Ibi tí wọ́n bá ti dá ihò sí òrùlé, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù òrùlé gidi dí i. Ẹ má sì gba iná sí lithium tí òtútù bá mú un lọ sílẹ̀ ju 0°C lọ.

Awakọ̀ Dallas:
Ẹ lọ wọn ilé náà ní CAT Scale tó wà nílé epo àwọn awakọ̀ ńlá, kí ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Bátìrì kan tó bí 45 kìló, páńẹ́lì kan lé ní 20. Pẹ̀lú ínfátà àti irin, ó súnmọ́ 200 kìló. Ẹ wo GVWR (ìwọ̀n tí ilé náà àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá) tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹ gbé bátìrì súnmọ́ orí àáṣù (irin tó gbé táyà), kí ẹrù tó tẹ igi ìfà wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n gbogbo ilé náà. Ẹ pọn omi kún táǹkì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: gálọ́ọ̀nù 40 nìkan ti tó 150 kìló.