Ọ̀nà tí a gbà dé ìlú York: ìrírí àwa tí a ti lọ

Láti gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Arákùnrin wa kan béèrè ọ̀nà tó dára jù láti gbà dé ìlú York ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó sì fẹ́ mú wọn lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá York Minster àti odi àtijọ́ tó yí ìlú náà ká. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún un ni pé kó má fi owó ọkọ̀ nìkan yan ọ̀nà. Ibi tí ọkọ̀ yóò já àwọn àgbàlagbà náà sí, àti bí ìrìn ẹsẹ̀ tó kù fún wọn yóò ṣe gùn tó, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Ọkọ̀ ojú irin ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa máa ń wọ̀. Ibùdókọ̀ King's Cross la ti ń wọ̀ ọ́, èyí tó yára jù nínú wọn kì í sì lò tó wákàtí méjì kó tó dé York, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà náà tó nǹkan bí máìlì 188. Ní ọdún 1706, nígbà tí wọ́n kéde ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí yóò máa ná ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí York, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ṣèlérí pé yóò fi dé, wọ́n sì fi kún un nínú ìkéde náà pé bí Ọlọ́run bá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ó jọ mí lójú bí ẹni pé ará ilé wa ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló lọ́jú pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Advance ni owó rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ jù bí a bá tètè rà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bí ènìyàn bá pẹ́ tí ọkọ̀ náà sì lọ, owó rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Off-Peak wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó fún ènìyàn láyè láti wọ èyí tó bá wù ú ní àwọn wákàtí tí èrò kò pọ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ 60 ọdún lè ra Senior Railcard, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì di dandan kó jẹ́ ẹni tó ń gbé ní Bìrìtìkó; ìwé ìrìnnà bàbá àti ìyá láti Nàìjíríà tó láti fi ọjọ́ orí wọn hàn. Àwa tí a ń kó ọmọ kiri, Family & Friends Railcard là ń lò. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yọ fún àgbàlagbà, ó sì ń yọ 60 nínú 100 fún ọmọ ọdún 5 sí 15, débi pé owó tó fi yọ fún wa nínú àlọ àti àbọ̀ kan ṣoṣo ti ju owó tí a fi ra káàdì náà lọ.

Ilé iṣẹ́ tó ń ná ọ̀nà yìí ju ẹyọ kan lọ. LNER ló ní ọkọ̀ tó pọ̀ jù, Grand Central náà sì wà, tó ń ti York kọjá lọ sí Sunderland. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kan sí kò ṣeé fi wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kejì. A wà nínú ọkọ̀ nígbà kan, a ti kọjá Peterborough, bàbá òyìnbó kan tó jókòó ní òdìkejì wa ń tú tíì sínú ọmọrí fúláàsì rẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé. Ó wo ìwé bàbá náà, ó tún un wò, ó ní ọkọ̀ ẹlòmíràn ló wọ̀. Bàbá bẹ̀bẹ̀ títí, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló san lórí ẹ̀rọ kékeré yẹn, tíì náà sì tutù síwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo ohun tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, kì í ṣe wákàtí nìkan.

Ohun kan tí àwọn àgbàlagbà kì í gbádùn ni King's Cross fúnra rẹ̀. Gbogbo èrò á dúró, wọ́n á gbójú sókè sí pátákó, wọn kò sì ní mọ ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbéra títí yóò fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti yọ, ìrọ́gììrì á bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wọn ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún èrò ṣáájú ọjọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, òṣìṣẹ́ kan yóò sì mú wọn dé ìjókòó wọn kí ìrọ́gììrì tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní York, ẹ ti dé ìlú nìyẹn. Ibùdókọ̀ náà, tí wọ́n ṣí ní 1877, ní òrùlé onírin àti gíláàsì tó tẹ̀ kọrọdọ, odi ìlú sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí bí ẹ bá jáde. Láti ibẹ̀ dé York Minster kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ ó gba orí afárá Lendal sọdá odò Ouse. Ní kété tí ẹ bá sọdá, ọgbà tí Yorkshire Museum wà nínú rẹ̀ ni ẹ ó kàn. Ẹ má kàn kọjá lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ohun ìní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan sí, ẹni tí wọ́n rí sàréè rẹ̀ ní 1901, tí wọ́n sin ẹ̀gbà ọwọ́ tí a fi eyín erin ṣe mọ́. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun rẹ̀ wò sọ pé ó jọ pé ìran rẹ̀ ti Àríwá Áfíríkà wá, láti ayé àwọn ará Róòmù tó tẹ ìlú náà dó.

Láti Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà àwọn tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn ni èmi fẹ́ sọ, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí mo ń rin ìrìn àjò yẹn. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wọ̀. Owó rẹ̀ dín gan-an sí ti ojú irin, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún ó lé ni a lò lójú ọ̀nà. Oṣù kìíní ọdún ni, ẹ̀rọ amúlégbóná inú ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́; àwọn èrò tó wà lẹ́yìn wọ ẹ̀wù òtútù wọn jókòó láti Lọ́ńdọ̀nù dé àríwá, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì yọ ìbọ̀sẹ̀ kejì nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́ lé ti àkọ́kọ́. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti gbọ́. Títí dòní, ibi tí wọ́n gbọ́ ọ dé nìyẹn. Ẹni tó bá ń bá àgbàlagbà rìn kò yẹ kó gba ọ̀nà yìí ní ìgbà òtútù.

Bí ènìyàn bá ti wà ní Leeds, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Leeds dé York kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ, ó sì máa ń wà léraléra. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bọ́ọ̀sì Coastliner, tó ń gba Tadcaster. Ó lé ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, pọ́n-ùn 3 ni iye tó ga jù tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà fún ìrìn kan, bí ẹ bá sì jókòó ní àjà òkè níwájú, gbogbo oko àti abúlé ni ẹ ó máa rí.

Láti Birmingham

Àbúrò mi, o ṣeun. Mọ́tò ni èmi fi gbé ìyá mi lọ, nítorí wọn kò lè rìn jìnnà, a sì ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́. Ọ̀nà M1 la gbà, a bọ́ sí A1(M), lẹ́yìn náà A64. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà wà nínú ìlú, nítorí àárín York kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò. Ọ̀nà tóóró ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ọkọ̀ lójú ọ̀sán. Àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà létí odò pàápàá kò ṣeé fọkàn tán, nítorí Ouse máa ń kún bo bèbè rẹ̀, St George's Field sì wà lára ibi tí omi ń kọ́kọ́ dé.

Ohun tí ìlú ṣe sí i ni Park and Ride. Ibùdó mẹ́fà ló wà ní ẹ̀yìn ìlú, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún ìgbọ́kọ̀sí, owó bọ́ọ̀sì nìkan ni. Ẹni tó bá gba A64 wá láti gúúsù lè yà sí Askham Bar. Awakọ̀ tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà rọra wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó na pákó ìgòkè síta, mo sì ti kẹ̀kẹ́ ìyá mi wọlé láìgbé e sókè rárá. Ìyá mi wo ìbodè àti odi tó ṣì dúró digbí, gígùn rẹ̀ ju máìlì méjì lọ, wọ́n ní, "Àwọn ará ibí kò wó tiwọn. Odi Ìbíkúnlé tiwa ní Ìbàdàn dà?" N kò rí èsì fún wọn. Ojú ọ̀nà Shambles ló ṣòro fún kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí òkúta tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ àti èrò tó máa ń kún un. Ẹ lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù kí àwọn arìnrìn-àjò tó dé.

Láti Manchester

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, kí n sọ ti àwọn tó ń ti pápákọ̀ òfurufú bọ̀. York kò ní pápákọ̀ òfurufú. Leeds Bradford ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n kò sí ojú irin níbẹ̀, bọ́ọ̀sì ni ẹ ó wọ̀ jáde. Manchester jìnnà jù ú lọ, síbẹ̀ òun ni mo yàn nígbà tí àwọn òbí ìyàwó mi ń bọ̀, torí pé ọkọ̀ ojú irin wà tó ń gbéra nínú pápákọ̀ náà lọ tààrà sí York, ní nǹkan bí wákàtí méjì, láìsí pé a ń ti ẹrù láti ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bí Heathrow bá ni wọ́n balẹ̀ sí, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Piccadilly line yóò gbé wọn dé King's Cross láìpààrọ̀ ọkọ̀.

Ẹ má ra Advance fún ọjọ́ tí wọ́n bá balẹ̀, nítorí ìdúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ìdúró de ẹrù kò ní òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn ná. Kí ẹ sì wo íntánẹ́ẹ̀tì bí ó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, torí pé wọ́n ń tún ojú irin àárín Manchester sí York ṣe, wọ́n sì máa ń ti apá kan rẹ̀ pa, kí wọ́n wá kó èrò sínú bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mú àwọn àna mi lọ. Nígbà tí mo rí i pé bọ́ọ̀sì ni a ó wọ̀ láti Huddersfield, mo sún un sí ọjọ́ Túsìdeè, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì tún wálẹ̀ sí i.