Íntánẹ́ẹ̀tì oníwáyà ilé mi ń wọ́, alẹ́ ló tún burú jù: ẹ bá mi wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀mù yìí

Àṣàkẹ́_Olóhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ohùn ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń ka ìwé sínú máíkì nílé, mà á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi. Fáìlì WAV ni wọ́n ń fẹ́, ti wákàtí kan péré sì máa ń tó nǹkan bí 500 MB. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà tẹlifíṣọ̀n wọlé ni mò ń lò: 200 Mbps ni mo ń sanwó fún ní download (ohun tó ń wọlé), 10 Mbps ní upload (ohun tí mò ń fi ránṣẹ́). Tí 10 yẹn bá pé, fáìlì wákàtí kan ò yẹ kó gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méje lọ. Ní báyìí, mo lè gbé e sí i, kí n lọ dáná, kí n jẹun, kí n fọ abọ́, kí n tó padà dé ó ṣì ń yí lójú kan.

Ti ìpàdé orí fídíò wá le jù. Èmi ń gbọ́ wọn ketekete, àwọn ni wọn kì í gbọ́ mi. Wọ́n á ní mo ti dì mọ́ ojú fídíò, ẹnu mi là sílẹ̀, ojú mi kan ṣí, ìkejì pa dé.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́: kì í ṣe Wi-Fi. Mo yọ ráútà kúrò láàárín, mo fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ módẹ́ẹ̀mù tààrà. Lọ́sàn-án mo máa ń rí 70 sí 80, tó bá dalẹ́ ó máa ń já sí 30. Upload kì í pé 1. Mo ti pa módẹ́ẹ̀mù yìí, mo ti tún un tàn, ó ti sú mi. Mo pe iléeṣẹ́ tó ń fún mi ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn níwà tútù, àmọ́ ohun kan náà ló ń sọ: "Láti ọ̀dọ̀ tiwa, gbogbo nǹkan dára, mà."

Ẹnì kan ní kí n tẹ 192.168.100.1 sínú búráúsà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí, mi ò mọ ohun tó ń sọ:

Downstream, chánẹ́ẹ̀lì 8: power láti -9.6 dé -11.1 dBmV, SNR láti 32.1 dé 33.0 dB
Upstream power: 52.5 dBmV
Uncorrectables: ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí chánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pọ̀ sí i bí mo ṣe ń wò ó
Log: "T3 time-out" lọ súà

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lóye.

Fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́:

Àǹtí, ẹ ra módẹ́ẹ̀mù tuntun jàre. Chánẹ́ẹ̀lì 8? DOCSIS 3.0 nìyẹn, ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì inú wáyà tẹlifíṣọ̀n, láti 2006 ni wọ́n ti gbé ìlànà yẹn jáde. 3.1 ti wà nílẹ̀ láti 2013. Ẹ sì yí Wi-Fi yín sí 5 GHz.

Bàbá_Wáyà:

Fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, máa ka ọ̀rọ̀ tán kóo tó dáhùn. Ó ti ní kì í ṣe Wi-Fi. Ní ti módẹ́ẹ̀mù, chánẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ọ̀nà kan tí dátà ń gbà nínú wáyà, tó fẹ̀ tó 6 MHz, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Amẹ́ríkà, máa ń gbé nǹkan bí 38 Mbps. Mẹ́jọ rẹ̀ á tó nǹkan bí 300. Ó gba 200, ó tún ṣẹ́ kù. Kí obìnrin yìí má tíì lọ náwó.

Ìyáàfin Àṣàkẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ó pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wáyà yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, nọ́ńbà yín kò sì fara pamọ́ rárá. Upstream ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. 52.5 yẹn ni agbára tí módẹ́ẹ̀mù yín fi ń fọhùn padà sọ́dọ̀ iléeṣẹ́. Èmi máa ń fẹ́ kó wà láàárín 35 sí 49. Tó bá ti ré kọjá 50, ariwo ló ń pa, kò sì ní pẹ́ dé òpin ohùn rẹ̀. Bí ẹni tó ń ké sí èèyàn ní òdìkejì ọjà ni: á pè, á tún pè, wọ́n lè gbọ́ ẹyọ kan. T3 tó kún inú log yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí módẹ́ẹ̀mù, ni ìgbà tó ké tí kò gbọ́ èsì. Òun ló fà á tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ àwọn ará ìpàdé tí wọn kì í gbọ́ yín. Tiwọn ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ti yín ni kò rọ́nà gòkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọmọbìnrin yẹn fi ní gbogbo nǹkan dára, torí àwọn èèyàn máa ń bínú sí wọn lásán. Kò purọ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wọn ló ń pàṣẹ fún módẹ́ẹ̀mù yín: gbé ohùn sókè, tún gbé e sókè, títí ohùn náà á fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá wá wo ohun tó ń wọlé sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á bá a níbi tó yẹ kó wà. Ohun tí ojú módẹ́ẹ̀mù ń rí kó tó dé ibẹ̀, ìlà mìíràn ni wọ́n ti ń wo ìyẹn, ẹni tó ń gbé fóònù kì í sábà wò ó. Ẹ yé sọ fún wọn pé "íntánẹ́ẹ̀tì mi ń falẹ̀." Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé "upstream power mi jẹ́ 52.5, T3 sì kún inú log." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn á yára dìde jókòó.

Downstream ńkọ́, ìyẹn sígínà tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín? Láàárín -7 sí +7 ló ti dáa. Ìlànà gbà á dé -15, àmọ́ mi ò ní fi ọkàn balẹ̀ sí -11. SNR yín, ìyẹn bí sígínà ṣe ga ju ariwo inú wáyà lọ, náà wà létí bèbè, 33 sókè ni mo máa ń fẹ́. Uncorrectables ni dátà tó bàjẹ́ kọjá ohun tí módẹ́ẹ̀mù lè tún ṣe. Kọ̀ǹpútà á ní láti tún un béèrè, ibẹ̀ ni ìyára yín ń bá lọ. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má pa módẹ́ẹ̀mù yẹn mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn ni iye yẹn máa ń padà sí òdo, ẹ̀rí lẹ sì ń nù dànù.

Ohun tó ń ta mí lólobó ni pé àlọ ṣàìpé, àbọ̀ náà ṣàìpé. Nǹkan kan ń jẹ sígínà yín lójú ọ̀nà. Ẹ tọ wáyà láti ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù títí dé ibi tó gbà wọlé, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ tẹ̀lé e. Ohun tẹ́ ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ síbí.

Àṣàkẹ́_Olóhùn:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ríbi o.

Mo tọ̀ ọ́. Láti ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù, ó gba abẹ́ àga lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti bá nǹkan onírin pẹlẹbẹ kan, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán. Wọ́n kọ IN sí ẹnu kan, wọ́n kọ OUT sí mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ OUT kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ -7 dB sí. Módẹ́ẹ̀mù wà lórí ọ̀kan, mẹ́ta yòókù ṣófo. Tẹlifíṣọ̀n gan-an kò sí lórí rẹ̀, Wi-Fi la fi ń wò ó. Ẹni tó gbé ilé yìí ṣáájú mi ló fi sílẹ̀. Orí wáyà tó wọ inú IN sì ń mì nígbà tí mo fọwọ́ kàn án.

Bàbá_Wáyà:

Ẹ̀n-ẹ́n! Splitter nìyẹn. Yálà ẹ lo ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí ẹ ò lò ó, mẹ́rin ló ń pín sígínà sí. 7 dB ló ń yọ nínú èyí tó ń bọ̀, 7 dB náà ló ń yọ nínú èyí tó ń lọ. Ẹlẹ́nu méjì ì bá tiẹ̀ mọ ní nǹkan bí 3.5. Ẹnu tó ṣófo tí wọn ò fi ìdérí dí tún ń jẹ́ kí ariwo wọlé láti ìta, ariwo yẹn kò sì mọ sọ́dọ̀ yín nìkan, ó ń bá wáyà gòkè lọ dá àwọn aládùúgbò yín láàmú.

Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ wá nǹkan kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní barrel, tó ní ojú ìso wáyà ní ìhà méjèèjì, kẹ́ ẹ fi so wáyà méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i títí kò fi ní yí mọ́, kẹ́ ẹ wá fi sípánà fún un díẹ̀ sí i, ẹ má fipá dè é. Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ wo inú orí wáyà dáadáa: irin bàbà àárín gbọ́dọ̀ gún, kó yọ jáde díẹ̀. Àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó yí i ká ò gbọdọ̀ fara kàn án. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí ìpatà níbẹ̀, omi ti wọ ọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi orí tuntun sí i.

Mo lè sọ ohun tẹ́ ẹ máa rí kẹ́ ẹ tó ṣe é. Downstream á gòkè sí bíi -3, upstream á wálẹ̀ sí bíi 45.

Àṣàkẹ́_Olóhùn:

Ṣé ẹ wà nínú yàrá mi ni? Downstream: -2.7 dé -4.0. SNR: 37 sí 38. Upstream: 45.3. Uncorrectables dúró sí òdo, kò mì. Upload wọ 10 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fáìlì ìwé tó wà lọ́wọ́ mi sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí n tó mu tíì mi tán.

Àmọ́ download ń ṣe mí ní kàyéfì. 94. Mo tún un wò, 94. Mo fi ìkànnì mìíràn wò ó, 94. Bí ẹni pé ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀. 200 ni mò ń sanwó fún o.

Oníṣẹ́_Alẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Tí ìyára bá dúró gbọnin sí 94, ẹ fi wáyà coax (wáyà tẹlifíṣọ̀n yẹn) àti iléeṣẹ́ sílẹ̀. Wáyà Ethernet tó wà láàárín láptọ́ọ̀pù àti módẹ́ẹ̀mù ni kẹ́ ẹ mú. 100 Mbps ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àwọn àfikún tó ń bá dátà rìn ló ń hàn bíi 94 lórí ìdánwò.

Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, méjì méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀. Gigabit nílò ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 100 Mbps kò nílò ju méjì lọ. Tí fọ́nrán kan bá já nínú ìsọ̀rí tí 100 kò lò, àwọn ẹ̀rọ á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 100, wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa tàn bó ṣe ń tàn. Ẹ lọ sí ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ń fi link speed hàn. Tó bá jẹ́ 100, ẹ wá wáyà mìíràn tí wọ́n kọ Cat5e tàbí Cat6 sí lára.

Fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́:

Mo ṣáà ní kí wọ́n ra nǹkan tuntun 😀

Àṣàkẹ́_Olóhùn:

Oníṣẹ́_Alẹ́, 100 ni link speed lóòótọ́. Mo yẹ wáyà náà wò, ẹsẹ̀ àga tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti tẹ ibì kan lára rẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo fi òmíràn sí i, link speed di 1000, ìdánwò sì fún mi ní 207 lọ́sàn-án. Ẹ ṣé gan-an.

Ó ku ẹyọ kan. Bó bá ti dalẹ́, 207 yẹn máa ń já sí 120, nígbà mìíràn 110. Mo kọ àwọn nọ́ńbà módẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ lọ́sàn-án, mo tún kọ wọ́n lálẹ́. Power kò yí padà, SNR náà bẹ́ẹ̀, uncorrectables kò gbéra, T3 kò sí nínú log mọ́. Bàbá, ṣé nǹkan mìíràn ṣì wà nínú ilé tí n ò tíì rí ni?

Bàbá_Wáyà:

Rárá o, èyí ti jáde kúrò nínú ilé yín. Tí sígínà bá dúró bó ṣe wà, tí ìyára sì ń wálẹ̀ ní àkókò tí gbogbo èèyàn bá ti délé, èrò ló pọ̀. Gbogbo ilé tó wà lórí ẹ̀ka wáyà kan náà ló jọ ń pín chánẹ́ẹ̀lì yẹn lò. Sípánà ò lè tún ìyẹn ṣe, àfi kí iléeṣẹ́ pín ẹ̀ka náà sí méjì, tàbí kí wọ́n fi chánẹ́ẹ̀lì kún un.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ti wá wúlò díẹ̀, kó má bàa gbéra ga. Módẹ́ẹ̀mù yín kò lè gbọ́ ju chánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé 24 tàbí 32 ni iléeṣẹ́ ń gbé sórí wáyà, tí mẹ́jọ ti yín bá kún, ìyẹn náà nìyẹn. Èyí tó lè gbọ́ gbogbo wọn á máa rí àyè kó dátà gbà níbi tó bá ṣí sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbé, módẹ́ẹ̀mù olówó iyebíye ò lè fi kún un. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye chánẹ́ẹ̀lì tó wà ní àdúgbò yín. Tó bá jẹ́ pé tiwọn ni módẹ́ẹ̀mù, tẹ́ ẹ kàn ń yá a lò, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Upload ńkọ́? Ṣé òun náà ń dín kù lálẹ́?

Àṣàkẹ́_Olóhùn:

Upload kò kúrò ní 10, lọ́sàn-án, lóru. Àwọn ará ìpàdé náà ti ń gbọ́ mi, ọ̀kan tiẹ̀ ní ariwo ilé mi ti wá pọ̀ jù.

Tiwọn ni módẹ́ẹ̀mù, ìyálò ni. Mà á pè wọ́n lọ́la, mà á béèrè chánẹ́ẹ̀lì bẹ́ ẹ ṣe wí. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mà á gbà. Tí wọ́n bá dárúkọ owó, mi ò ra nǹkan kan. Download nìkan ni 110 yẹn kàn, fáìlì mi ń lọ.