Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, orílẹ̀-èdè mẹ́rin, yàrá ìjíròrò tó ń dá páropáro

Olùsìn-Oyin:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ àwọn mọ́kànlá kan ní oyin sísìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ni ẹlòmíì ń múra àtisùn. Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo lò, mo sì dá yàrá ìjíròrò mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọ̀kan fún orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Oṣù méjì rèé, méje ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ò ní tán lẹ́nu wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá, ọkàn mi ò sì balẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Kíláàsì:
Yàrá yẹn ti pọ̀ jù. Èèyàn mọ́kànlá nínú yàrá mẹ́sàn-án, ta ló máa bá ta níbẹ̀? Mo ṣe irú rẹ̀ rí fún èèyàn mẹ́jọ. Mo ti gbogbo ẹ̀ pa, ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọọjọ́ Ajé, mo ń gbé àwòrán kan àti ìbéèrè kan síbẹ̀, wọ́n sì ní títí di Ọjọ́bọ̀ láti fèsì nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀yin ẹ gbé afárá tí ẹyin méjì-mẹ́ta wà nínú ihò kan síbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé: ṣé ayaba, ìyá oyin tó ń yé ẹyin, ṣì wà nínú ilé oyin yìí?

Aláfẹ́fẹ́:
Ẹ wo ti dátà náà. Ohùn tí wọ́n fi Opus, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dín ìwọ̀n fáìlì ohùn kù, dì ní kílóbíìtì 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ ò ju MB 1.2 lọ. Fídíò ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún ohun tó di dandan kí wọ́n fojú rí. Áàpù Moodle sì ń jẹ́ kí èèyàn gba ẹ̀kọ́ sórí fóònù, kó kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó dá Moodle sílẹ̀, Martin Dougiamas, orí rédíò lòun náà ti kàwé ní kékeré nínú aṣálẹ̀ Ọsirélíà.

Olùsìn-Oyin:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ti mẹ́jọ pa. Èèyàn mẹ́ta ti fèsì sí àwòrán náà, àwọn méjì sì ń jiyàn. Ọ̀kan ní ayaba tuntun ló ń yé e. Èkejì ní ẹ wò ó, ara ògiri ihò ni ẹyin lẹ̀ mọ́, oyin òṣìṣẹ́ ló yé e, ìdí wọn ò gùn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ yẹn ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ń ká ohùn sílẹ̀ fún un báyìí.