Ilé onígi àtijọ́ ní England: kí ló dé tí igi ìsàlẹ̀ fi ń jẹrà?

Adéwọlé_K:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígi oak (igi líle kan ní Yúróòpù) ni, irú èyí tí àjà òkè yọ síta lórí títì bíi ti Shambles, òpópónà àtijọ́ kan ní ìlú York. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí àárín àwọn igi rẹ̀. Ní báyìí, igi ìdábùú ìsàlẹ̀ ti rọ̀ débi pé ẹnu ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò, ṣé ilé ò ní wó? Kí ló tilẹ̀ gbé àjà tó yọ síta yẹn dúró?

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Kò ní wó. Àwọn igi ló ru ilé. Ohun tó wà láàárín wọn kò ru nǹkan kan. Ní Exeter lọ́dún 1961, odindi irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì wọ́ ọ kúrò lójú ọ̀nà tuntun.

Sìmẹ́ńtì yẹn gan-an ló bá igi jẹ́. Oak a máa wú, a sì máa sún kì. Sìmẹ́ńtì kì í bá a lọ. Àlàfo tín-ín-rín á là láàárín wọn, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, á wá jókòó sórí igi ìsàlẹ̀. Bí igi bá ti ń jẹrà ni kòkòrò death-watch beetle ń dé. Ẹ má tíì náwó sí oògùn kòkòrò o, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí igi gbẹ.

Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ ìgégi tàbí ìgékúta. Ibi tó jẹrà nìkan ni kí wọ́n gé, títí wọ́n á fi dé ibi tó le, kí wọ́n fi oak tuntun lẹ̀ ẹ́. Bóòtì irin tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n lò, nítorí omi ara oak a máa jẹ irin lásán.

Ìyá_Amọ̀:
Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n dá padà: ọ̀pá tí wọ́n hun bí agbọ̀n, tí wọ́n fi amọ̀, koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ lójú méjèèjì. Láìmù (ẹfun òkúta tí wọ́n sun, kì í ṣe èso) tí wọ́n po irun ẹran mọ́ náà dára. Kí ìpele kan má ju bíi milimítà 10 lọ, kí ó le díẹ̀ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Tí òtútù bá ti wálẹ̀ sí 5°C, kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí yìnyín á fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, omi láìmù tó ṣàn bíi mílíìkì, ìkunlé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ igi o, sìmẹ́ńtì mìíràn nìyẹn.

Òpó_Igun:
Kí n dáhùn ti àjà òkè. Àwọn igi àjà ló gùn kọjá ògiri ìsàlẹ̀. Ògiri òkè wá gorí ẹnu wọn. Ìwúwo rẹ̀ ń tẹ ẹnu igi náà sílẹ̀, kì í sì jẹ́ kí àárín ilẹ̀ òkè tẹ̀ púpọ̀. Níbi tí àjà bá ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjì, igi ńlá kan á dábùú lọ sí igun, òpó igun á gbà á. Wọ́n sábà máa ń dorí òpó yẹn kodò, kí ìdí igi tó fẹ̀ lè wà lókè.

Kí wọ́n gba àṣẹ káńsù kí òòlù tó dún o. Lábẹ́ òfin 1990, ọ̀ràn ni láti ṣe irú iṣẹ́ yìí láìgbàṣẹ lára ilé tí ìjọba ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ iyanrìn bó igi náà, kí wọ́n kọ̀: á pa nọ́ńbà I, II, III, IIII tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ sí oríkèé rẹ́.

Adéwọlé_K:
Mo dúpẹ́. Ọ̀dà dúdú ara igi náà ńkọ́?

Òpó_Igun:
Àṣà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Tó bá ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣí. Ẹ má kun òmíràn lé e.