Oògùn tó ní ìlà búlúù: ṣé a lè fi fín yàrá ọmọ?

Ìyá Tolú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìdun ti gba bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Àbúrò ọkọ mi ní oògùn kan tó ń fín sóko, ìlà búlúù ló wà nísàlẹ̀ lébẹ̀lì rẹ̀. Ó ní búlúù ò léwu, pupa àti yẹ́lò ni ká sá fún. Ṣé kí n fi fín yàrá wọn?

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ dákun, ẹ má tíì fín in. Bí oògùn ṣe ń yára pani tó ni àwọ̀ yẹn ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló pín wọn sí ìsọ̀rí: Ia àti Ib ni pupa, II ni yẹ́lò, III ni búlúù, àwọ̀ ewé wà fún èyí tí kò jọ pé ó lè tètè pani. Iye tó lè pa ìdajì àwọn eku tí wọ́n fi dán an wò ni wọ́n ń ṣírò, ní míligíráàmù fún kílò kan ara eku. Tí kò bá tó 5, Ia ni. 5 sí 50, Ib. Ó di ẹ̀yìn 2,000 kó tó bọ́ sí III. Jẹjẹrẹ tàbí àìsàn tó ń yọ́ wọlé fún ọdún pípẹ́ ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Yẹ́lò ni paraquat, oògùn tó ń pa koríko o! Ẹ̀kún ẹnu kan lè gbẹ̀mí àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀.

Ìyá Tolú: Háà! Kí wá ni kí n máa wò?

Bàbá Káyọ̀dé: Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára lébẹ̀lì, àti nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀. Oògùn koríko yàtọ̀ sí ti kòkòrò, ti oko yàtọ̀ sí ti inú ilé, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìjọba sì ń fún wọn láṣẹ fún. Ẹ wo DDT, oògùn kòkòrò kan: Àdéhùn Stockholm ọdún 2001, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lórí kẹ́míkà tí kì í tètè bàjẹ́, gbà kí wọ́n fi gbógun ti kòkòrò tó ń gbé àrùn kiri, kò gbà á sóko. Tiyín, oko ni wọ́n ṣe é fún. Oòrùn àti òjò tó ń bà á jẹ́ níta ò sí nínú yàrá, ara bẹ́ẹ̀dì ló máa wà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ fi omi gbígbóná bíi 60°C fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ná.

Ìyá Tolú: Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò ọkọ mi tiẹ̀ ti bu tèmi sínú ìgò mínírà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìgò mínírà kẹ̀? Ẹ gbé e kúrò níbi tọ́wọ́ ọmọ lè tó nísinsìnyí, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún un lónìí.