Àbúrò mi ń mu pàràgà kó tó lọ sí kíláàsì: ṣé ká tì í mọ́lé ni?

Olùbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní 300 level, ìta ọgbà yunifásítì ló háyà yàrá sí. Pàràgà àti ọtí inú ọ̀rá ló fi ń ṣínu láràárọ̀ báyìí. Bí kò bá tíì mu ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè di bírò mú. Ó ní ọtí inú ọ̀rá kéré sí bía, pé kò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Bàbá wa ní ká mú un wálé, ká gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ká tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Rere: Ó dáa gan-an. Tí kò bá rówó, kò ní rọ́tí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bàbá Rere, ẹ má bínú, ìyẹn lè pa ọmọ náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n títí yóò fi mu ọtí, ara rẹ̀ ti gbára lé e. Ọtí ń fa ọpọlọ sẹ́yìn, ọpọlọ náà á wá máa fi agbára tì í pa dà. Tí ẹ bá gba ọtí lójijì, agbára yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò sóhun tó ń dá a dúró mọ́. Gbígbọ̀n, òógùn, èébì àti àìsùn á bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkìkì. Ìgbà yẹn ni ará ilé máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà.

Kó má dá ọtí dúró lẹ́ẹ̀kan náà kó tó rí dókítà. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á fi oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, diazepam tàbí chlordiazepoxide, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 sí 7, wọ́n á sì fún un ní fítámì B1. Ẹ má lọ ra diazepam fún un ní kẹ́mísìtì o! Òun àti ọtí lè pawọ́ pọ̀ dá èémí dúró.

Olùkọ́ Kẹ́mísìrì: Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Ọ̀rá 30 ml tó jẹ́ 40% ní 12 ml ògidì ọtí nínú; ìgò bía 60 cl tó jẹ́ 5% ní 30 ml. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu ọ̀rá kan? Márùn-ún ti tó ìgò bía ńlá méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì fi ń wọlé. Ti pàràgà tún burú jù, torí kò sẹ́ni tó mọ bí ògógóró inú rẹ̀ ṣe le tó. Lọ́dún 2015, ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù (oró kan tó jọ ọtí) nínú pa èèyàn ní agbègbè Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tó bá ní ojú òun ń ṣú lẹ́yìn tó mu ún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Họ́sítẹ́ẹ̀lì: Ẹ sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé: tí àbúrò yín bá mutí yó tó sùn lọ, kó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó ká orúnkún tó wà lókè síwájú kó má baà yí sẹ́yìn, kí èébì má há a lọ́fun. Kò sí epo pupa, kò sí kọfí, kò sí omi tútù lórí. Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọtí lára, kì í sì í yára. Tí wọ́n bá jí i tí kò jí, tàbí èémí rẹ̀ kò tó mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Níbo ni ká gbé e lọ? Kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní wèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ilé ìwòsàn yunifásítì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ lẹ́tà fún un. Àrò l'Abẹ́òkúta àti Yábàá l'Ékòó ní ẹ̀ka fún àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n lẹ fẹ́ kó lọ yẹ̀ wò. Tó bá wà pẹ̀lú dókítà nìkan, kó sọ iye tó ń mu gan-an. Tó bá bù ú kù, oògùn tí wọ́n máa kọ fún un ò ní tó.