Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá tẹlifíṣọ̀n pàdé ní Àbújá àti òkè ọya, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ará Gárkì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe sí àwọn òǹkọ̀wé ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́yin náà lè sọ tiyín. Mo ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbí, n ò ní dárúkọ wọn. Èmi ni mo máa ń gé fídíò ìròyìn, tí mo sì ń tò ó pọ̀ kó tó lọ sórí afẹ́fẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé kì í ráyè nínú ìròyìn àfi bí olóṣèlú bá jókòó tì í.

Láàárọ̀ ni wọ́n ti ń pín kámẹ́rà. Villa á gba tiẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin á gba tiẹ̀, INEC àti ilé ẹjọ́ náà ò ní gbẹ́yìn. Bí mọ́tò àti ayàwòrán bá ṣẹ́ kù ni wọ́n tó rántí ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ́ kù. Wọ́n ní ká lọ sí Mpape, sí abúlé àwọn òǹkọ̀wé ti ANA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Mamman Vatsa pè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n: ọ̀gágun ni, akéwì ni, òun ló sì fún àwọn òǹkọ̀wé nílẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà Àbújá. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀gbàjọba kàn án, Achebe, Soyinka àti J.P. Clark lọ bẹ Babangida, olórí ìjọba ológun nígbà náà, kó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹ̀bẹ̀ ò wọlé. Wọ́n yìnbọn pa á lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1986.

Ọmọbìnrin kan dìde níbẹ̀, ó ń ké ewì ní Haúsá nípa ìyá rẹ̀ tó ń dín kósé lẹ́bàá títì. Atẹ́gùn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò, ó ń ké e lọ láti orí. Bó ṣe ń dárúkọ epo, ata àti iná, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ń yí bí ẹni tó ń yí àkàrà nínú agbada. Kámẹ́rà wa gbà á látòkèdélẹ̀. Mo fara balẹ̀ gé e. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, sẹ́nétọ̀ kan fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, olóòtú sì ní kí n yọ ti Mpape kúrò. Ohun tó jáde lọ́jọ́ kejì ni àwòrán ọ̀nọ́rébù kan tó yà síbẹ̀ kí wọn, tòun ti agbádá. Ohùn ọmọ yẹn kò dé etí ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ tún wo ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2025, tí Babangida fúnra rẹ̀ kó ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní Transcorp Hilton. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínbàjò ló sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà. Ohun tí mo ń gbọ́ ṣáá lálẹ́ ọjọ́ náà ni owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà tí wọ́n dá fún ilé ìkàwé rẹ̀, àti pé ó gbà pé Abíọ́lá ló wọlé ìdìbò June 12, 1993. Ti Abíọ́lá tó ohun tí à ń pariwo. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ ò ní gbọ̀n? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Vatsa wà nínú ìwé kan náà. Mo ń retí kí atọ́kùn kan pe akéwì kan láti Mpape wá jíròrò ibẹ̀. N ò rí i nínú gbogbo èyí tí mo wò.

Ìyá Ìbejì, Kárù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Nínú Channels Book Club tí Kunle Kasumu ṣe atọ́kùn rẹ̀, òǹkọ̀wé ló ń jókòó síbẹ̀, ìwé ni wọ́n sì ń sọ. Olùkọ́ ni mí, mo fi díẹ̀ han àwọn ọmọ kíláàsì mi lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Àǹtí, ṣé àwọn tó ń kọ̀wé ṣì wà láyé ni?" Ó ti rò pé òkú ni gbogbo wọn.

Bàbá Kàdúná:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdìbò 2023 ń bọ̀, ilé iṣẹ́ kan pè mí sí ètò òwúrọ̀ nítorí ìwé àlọ́ tí mo kọ fáwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè ọya. Mo ti fi bébà há ojú ewé tí mo fẹ́ kà. Wọ́n fi màíkì há mi láyà tán, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde ni pé: "Bàbá, ta làwọn Yorùbá Kàdúná máa dìbò fún?" Mo ní àlọ́ ni mo bá wá. Atọ́kùn rẹ́rìn-ín, ó tún un bi. Mo bá ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa Ìjàpá tó kó oúnjẹ ìlú pamọ́. N ò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n fi gbé ìpolówó sí i.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé òṣèlú tí wọ́n ń wá kiri, inú ìwé ló wà. Ní 2016, Abubakar Adam Ibrahim, akọ̀ròyìn ní Àbújá, gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ tí ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG máa ń fún òǹkọ̀wé. 100,000 dọ́là yẹn ni wọ́n ń tún sọ létí mi. Bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀, Season of Crimson Blossoms, sọ ìtàn opó ẹni ọdún 55 kan àti Reza, ọmọkùnrin tó ń ta igbó, tí olóṣèlú ń lò bíi jàǹdùkú. Ìgbà ìdìbò wo la ò rí irú Reza lójú pópó? Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ jàgídíjàgan ìdìbò, kí ló dé tí wọn ò lè pe ẹni tó ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà débi tó fi kọ ọ́, kó ka ojú ewé kan ṣoṣo, kí àwọn agbẹnusọ ẹgbẹ́ tó wá máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu?

Ìyá Ìbejì, Kárù:
Ẹ ṣé, Bàbá. Níbo la ti lè rí ìwé àlọ́ yín rà? Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa fẹ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ Ìjàpá yẹn já sí.